Ewéko Inú Àpótí Gíláàsì

Orí àkàsọ̀ ni Onígíláàsì wà, ó ń pààrọ̀ fèrèsé kan tó fọ́ nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí ohùn tísà kan, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko, wọ̀ ọ́ létí. Àgbà àpọ́n tó ṣì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ni Onígíláàsì. Ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Tísà ní ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dá mí síta se ṣúgà tí yóò jẹ, á sì tú afẹ́fẹ́ tuntun sílẹ̀. Ó ní ewéko náà tún ń mí tọ̀sán tòru, bíi tiwa.

Onígíláàsì yọ orí wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, tísà, tí wọ́n bá ti ewéko mọ́ ibi tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, ṣé kò ní kú?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tísà náà rẹ́rìn-ín. "Tó bá ṣáà ti ń rí ìmọ́lẹ̀, kò ní kú. Èyí tó bá mí síta ni yóò tún fi se oúnjẹ."

"Èmi ní á kú," ni Onígíláàsì wí. "Ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá jáwé olúborí ni kó sọ ohun tó fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí gíláàsì kan dé. Tísà gbin ewéko kékeré sí i, ó bomi rin ín, Onígíláàsì sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀ débi pé èèrà ò rọ́nà gbà. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Láti ìgbà náà lẹsẹ̀ Onígíláàsì ò ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá omi lára gíláàsì náà.

"Tísà, ó ń sunkún."

"Omi tó jáde lára ewé àti ilẹ̀ ni. Á ro sílẹ̀, gbòǹgbò á tún fà á mu. Ṣúgà tó sè lánàá ló ń jẹ láti fi gba agbára. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń mí afẹ́fẹ́ tí yóò fi se òmíràn síta."

"Ó sàn jù mí lọ. Ìyá mi ló ṣì ń se tèmi."

Tísà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Onígíláàsì ń súfèé délé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ ò sí níbi iṣẹ́, ó gé gíláàsì fèrèsé kékeré oníbàárà kan kó tóbi tó ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá rẹ̀ ní, "kí ló dé tí o fi ń fín lọ́fínńdà kó o tó lọ wo ewéko? Ṣé ewéko nímú ni?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gbádùn."

Ewé tuntun yọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ewéko náà fi orí kan ìdérí, Onígíláàsì gbà pé òun ti pàdánù. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Tísà wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tí kò sí òrùka. "Bàbá mi máa wà nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ mú ìyá yín dání."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ múra. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, gíláàsì fèrèsé ni Onígíláàsì ń wò ṣáá. Bàbá tísà wò ó títí. "Ṣé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà," ni ìyá Onígíláàsì dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó ń sọ lóru ni kì í jẹ́ kí n sùn."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n jókòó káwọn jọ sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, àti ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ni Onígíláàsì ń kí lójú ọ̀nà.