Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ulẹ̀kùn

Wọ́n ní Bùnmi fìdí rẹmi nínú ìṣirò tó mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ojú rẹ̀ kò ríran. Ẹ̀rọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kó máa ka ìbéèrè sí i létí ló kà á kù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ọ̀yẹ́, ó ṣí kọ̀ǹpútà náà kí n lè fetí ara mi gbọ́. Ohùn kan bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe sọ lédè òyìnbó pé èjì lọ́nà márùn-ún, kí a fi ẹ̀ta kún un. Bùnmi dáhùn pé mẹ́tàlá. Ṣùgbọ́n àkámọ́ wà lórí ìwé, ó yí márùn-ún àti mẹ́ta ká. Mẹ́rìndínlógún ni ìdáhùn.

Kíá, ohùn Adéọlá, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe, dún sí mi létí: "Ulẹ̀kùn ńkọ́?"

Ìrè ni èmi àti Adéọlá ti jọ ṣe kékeré. Àìsàn ti gba ojú rẹ̀ kó tó mọ ìrìn. Bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé là ń jókòó sí, níbi tí òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ti ń pa wá bí ọtí, èmi ni mo sì ń sọ ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kan mo fo àkámọ́; mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó ṣì í, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó já mi léèékánná, ó ní:

"Ìwọ lo fọ́jú, kì í ṣe èmi!"

Nígbà tí mo fi ìka ya àmì náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ulẹ̀kùn rèé! O ò sọ pé wọ́n wà nínú ulé." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣí ulẹ̀kùn, tí mo ń tì í, bí mo bá ń ka àkámọ́ fún un. Ó ní èjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kí gbogbo ará ulé. Bó bá kí márùn-ún tí kò kí mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìṣirò kì í ṣe ti afọ́jú. Bàbá mú un lọ sí Ìbàdàn. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, n kò kórìíra ẹ̀rọ. Ìwé ìtàn tó ń kà fún Bùnmi, Adéọlá ì bá jó sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ríran ṣì ń fo ohun tó pè ní ẹ̀ṣọ́, ẹni tí kò ríran ni wọ́n ṣì ń fi rẹ́rìn-ín. Bùnmi ní kí olùṣọ́ ìdánwò bá òun ka ìbéèrè náà, ó kọ̀. Bùnmi lọ ṣàròyé. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í ṣì í. Bẹ́ẹ̀, láìsí ìṣirò, yunifásítì ò ní í gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ẹ̀rọ yìí wá, ta ni nínú yín tó dijú gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e síwájú ọmọ ọlọ́mọ? Ọjọ́ wo lẹ máa tún ìwé Bùnmi yẹ̀ wò? Ẹ má fi lẹ́tà ìkẹ́dùn ránṣẹ́ sí wa. Ìbéèrè Adéọlá ni kí ẹ dáhùn: ulẹ̀kùn ńkọ́?