Agbára àti Àìlera Ọmọ Keje

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí Luisón, ẹranko tó ń jẹ òkú tí wọ́n ní ọmọkùnrin keje máa ń dà lóru, lè ṣe àti ohun tó lè pa á, ní gbogbo ìlú Villarrica, ọ̀dọ̀ Zunilda Cabañas ni yóò lọ. Kì í ṣe pé Zunilda ti pàdé ẹranko náà lójú ọ̀nà rí. Ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ló ti ń jẹun, ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, kò lọ́kọ, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun wá ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ìlú bá ti jí lójú oorun ọ̀sán, òun ni olórí tábìlì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti wà níbẹ̀.

Eré tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì náà, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Zunilda á sọ fún wọn pé wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, òórùn burúkú kan ń bọ̀, kí ni wọ́n máa ṣe? Ẹnìkan á di jagunjagun, ẹnìkan á di olè, ẹnìkan á di àlùfáà. Olúkúlùkù á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á da dáìsì olójú ogún, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Zunilda tó jẹ́ olùsọ̀tàn nìkan ló ń mú ìwé tí agbára àti àìlera àwọn ẹranko wà nínú rẹ̀ dání. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ fi ìyà ara wọn wádìí rẹ̀.

Ojú ìwé méjì ni Luisón gbà nínú ìwé Zunilda. Agbára rẹ̀ wà lápá òsì: òórùn òkú tó lè mú ọkùnrin mẹ́wàá dákú lẹ́ẹ̀kan náà, eyín tó ń fọ́ egungun bí ẹni jẹ búrẹ́dì chipa gbígbóná, àti pé bó bá gba àárín ẹsẹ̀ rẹ kọjá, ègún rẹ̀ ti di tìrẹ nìyẹn. Àìlera rẹ̀ wà lápá ọ̀tún: ọta ìbọn tí àlùfáà súre sí, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á padà di ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ìtìjú á sì bò ó. Zunilda kò jí ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé ẹnì kankan. Ilé wọn ló ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọkùnrin méje ni ìyá rẹ̀, Petrona, bí tẹ̀lé ara wọn láìsí obìnrin kan láàárín. Àwọn àgbà ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nílé Cabañas, èje náà gan-an ló ju ohun gbogbo lọ. Eulogio ni wọ́n sọ ọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi sáré gbé e lọ ṣe ìrìbọmi, Abundio tó jẹ́ àkọ́bí ló sì dúró bíi bàbá ìsàmì fún un, òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, torí wọ́n ní bí àkọ́bí bá gba ọmọ keje mọ́ra lójú Ọlọ́run, ègún náà kò ní jà. Gbogbo àdúgbò wá wò wọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí Zunilda. Ta ló wá? Agbẹ̀bí ni, òun náà sì ń kánjú.

Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ tí Luisón máa ń para dà, ìyá wọn á fi ọ̀já so ẹsẹ̀ Eulogio mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á gbé àga wá síbẹ̀, á sì jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́ẹ̀dì Zunilda wà lápá kejì yàrá náà. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa ń rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọmọ ọdún márùn-ún lẹni tí mò ń wí: ó jowú ọ̀já. Ó máa ń wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó wà lófo, á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe tí ẹnì kankan kò fi so òun mọ́ nǹkan kan. Ó dàgbà, owú náà bá a dàgbà.

Nígbà tí Eulogio pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó bá àwọn bíríkìlà lọ sí Buenos Aires. Kò wálé ju ìgbà tí wọ́n sin ìyá wọn lọ. Ọkàn Zunilda balẹ̀. Ó dá tábìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ohun tó rí nílé kọ ìwé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àǹtí Luisón, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni keje kò sí nílé, ẹni kẹjọ ló ń jẹun nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dún yìí ni Eulogio padà dé. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ nídìí iṣẹ́, ó ní kí òun wá sinmi fún oṣù mélòó kan. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ láti ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé dókítà, ibẹ̀ ló ti bá Nimia. Nimia ló ń ta oògùn ní ilé kejì, òun ló sì máa ń ṣe àlùfáà nínú eré. Bó ṣe gbọ́ pé ọmọ keje gan-an lọkùnrin yìí, kò tilẹ̀ wo ojú Zunilda kó tó pè é wá sí tábìlì. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Eulogio wá ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó gbé chipa lọ́wọ́, ó gba ife tereré, omi ewé tútù tí wọ́n jọ ń mu, bí ẹni tó ti ń bá wọn mu ún láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ bí ajá kankan kò ṣe gbó òun rí ní gbogbo Buenos Aires, bí ìyá ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ṣe ka àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìka, tó dé orí èje, tó sì ti ilẹ̀kùn. Nimia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Derlis, mẹkáníìkì alùpùpù tó máa ń ṣe olè nínú eré, kò bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan kan fún odindi wákàtí kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Zunilda jókòó ti ìwé rẹ̀. Ẹnì kankan kò bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀wàrà, àwọn tábìlì láti ìlú mẹ́sàn-án máa ń pàdé ní Villarrica, tábìlì kọ̀ọ̀kan á sì yan olùsọ̀tàn kan tó máa sọ ìtàn lójú gbogbo èrò. Láti ọjọ́ tí àpéjọ náà ti bẹ̀rẹ̀, Zunilda ló ń jókòó sórí àga yẹn fún Villarrica. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni láàárín ọdún tí ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà lára rẹ̀. Derlis ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Àǹtí, ẹ má bínú o,” ó ní. “Ìwé lẹ̀yin fi mọ Luisón. Bọ̀dá Eulogio, ara ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.”

Nimia ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìpinnu sí Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Eulogio ní òun kò mọ eré náà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́, ẹ̀rín yẹn sì lọ dúró sí Zunilda lọ́fun bí eegun ẹja.

Òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ọ̀sẹ̀ yẹn, Zunilda kò jẹun dáadáa. Ó ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹlòmíràn ní ìdorí-kodò, ó sì bá oní-nǹkan jà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí oníbàárà kò sí, ó ṣí ojú ìwé Luisón, ó mú pẹ́ńsù. Lápá òsì, lábẹ́ agbára, ó kọ pé: Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ọmọ yòókù lọ. Lápá ọ̀tún, lábẹ́ àìlera, ó kọ pé: Bí ìyá rẹ̀ bá fi ọ̀já so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò tọ̀ sílé, yóò sì máa sunkún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sí ẹni tó mọ èyí lẹ́yìn àwọn tó gbé inú ilé yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó kọ ọ́, torí ó mọ̀ pé ìwà ìkà ni. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́, ó sì tún wò ó kínníkínní bóyá ó hàn dáadáa.

Nígbà tí Àbámẹ́ta dé, Nimia ní kí Eulogio fúnra rẹ̀ ṣe Luisón. Ó gbà. Wọ́n lé e kiri itẹ́ òkú, wọ́n yìnbọn fún un, ó sá. Ó ń ṣe é dáadáa, ó ń gbin, ó sì ń gbóòórùn afẹ́fẹ́. Derlis, tó jẹ́ olè, ní òun fẹ́ já wọ ilé ìyá Luisón láti wá ohun tó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ó da dáìsì, ó bọ́ sí mọ́kàndínlógún. Ó ti rí i nìyẹn, òfin sì ni pé kí olùsọ̀tàn ka àìlera náà jáde. Zunilda ka èyí tó kọ ní Ọjọ́bọ̀ ketekete, kò gbé ọ̀rọ̀ kan mì.

Derlis bú sẹ́rìn-ín, tereré gba imú rẹ̀ jáde. Ó ní irú Luisón wo rèé, ẹni tó ń jẹ òkú tún wá jẹ́ atọ̀ọ́lé. Ó wá rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Nimia ti gbé ọwọ́ bo ẹnu. Eulogio kò gbin mọ́. Ó na ọwọ́, ó ní kí Zunilda fún òun ní ìwé náà. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣeré fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó fún un. Ó ka apá ọ̀tún, ó ka apá òsì, ó sì pẹ́ lórí apá òsì ju bó ṣe yẹ lọ.

“Apá ọ̀tún ò parọ́,” ó ní. “Mo tọ̀ sílé títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Apá òsì lo ti ṣìnà.”

“Níbo?”

“Níbi tí o ti ní Màmá fẹ́ràn mi jù.”

“Ojú mi ló ṣe,” Zunilda dáhùn, ohùn rẹ̀ sì le. “Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jókòó tì ọ́ mọ́jú. Èmi, ẹ̀yìn wọn ni mo mọ̀.”

“Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ọ, iwájú ni wọ́n kọ sí mi. O ò lè rí ohun tó wà lórí itan wọn.” Ó pa ìwé náà dé. “Àdá bàbá wa ni. Èyí tí àlùfáà wọ́n omi sí. Wọn ò jókòó tì mí, Zunilda. Àárín èmi àti ìwọ ni wọ́n jókòó sí. Ìwọ ni wọ́n ń ṣọ́.”

Zunilda ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń ro bí wọ́n ṣe to yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì kan níhìn-ín, bẹ́ẹ̀dì kan lọ́hùn-ún, àga ní agbede méjì, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ó wá béèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun láti ọjọ́ yìí wá.

“Kí n wí pé kí ni? Pé ìyá wa ń bẹ̀rù mi?” Eulogio rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín tó ń rín fún wọn tẹ́lẹ̀. “Èmi ni mo jowú rẹ. O máa ń sùn, o máa ń hanrun. Ọjọ́ Ẹtì kan, oorun gbé Màmá lọ lórí àga. O gba abẹ́ àga rá wá bá mi, o na ẹsẹ̀ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, o ní kí n so tìẹ náà pọ̀ mọ́ ọn. O sùn síbẹ̀. Ìwọ nìkan ni kò bẹ̀rù mi nínú gbogbo ilé yẹn. Mo gbé ìyẹn lọ sí Buenos Aires. Tí ibi tí mò ń gbé bá sú mi, òun ni mo máa ń rántí. Mo rò pé bí o bá máa kọ nǹkan nípa mi sínú ìwé rẹ, ìyẹn lo máa kọ.”

Zunilda wá ọjọ́ náà nínú orí rẹ̀, kò rí i. Ọ̀já ló rí, àti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, àti ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó wà lófo. Ó wá a títí, bóyá abẹ́ àga, bóyá òtútù ilẹ̀, kò rí nǹkan kan. Owú ti gba gbogbo àyè tó wà níbẹ̀.

Eulogio dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kò dára, ó sọ fún Nimia àti Derlis pé kí wọ́n fún Zunilda ní àga rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, kò sí ẹni tó mọ ẹranko náà jù ú lọ. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Zunilda fẹ́ pè é padà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò sọ bó bá yíjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Eulogio wọ ọkọ̀ padà sí Buenos Aires. Nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà dé, Zunilda sọ ìtàn lójú ìlú mẹ́sàn-án, gbogbo èrò dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àga náà di tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a dù ú mọ́.