Bàbá Tó Kọ́ Mi Rìn

Ẹni tó bá wù ú kó pè mí ní òpùrọ́. Mi ò mutí, mi ò sùn, ọ̀sán gangan ni. Ìyàwó mi gan-an ò tíì gbọ́ ọ tán. Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ píọ́pì ni mò ń ṣe, àwa la máa ń ṣe àjà ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Níbi iṣẹ́ kan ní Igbó-Elérin ni pákó tí mo gùn ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi tí mo já bọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún fọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fi irin de egungun náà pọ̀, wọ́n ní kí n máa fi ọ̀pá abíyá méjì rìn. Nígbà tó yá, dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ lásán, omi á dà lójú mi, àgbà ọkùnrin bíi tèmi.

Èmi àti ìyàwó mi nìkan la jọ ń gbé ní Ìbà. Onídìrí ni, Okokomaiko ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Tó bá ti jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, bàbá arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ti ṣá. Mi ò gbọ́ ìró géètì o. Ẹ gbà mí gbọ́, géètì wa yẹn máa ń ké bí ewúrẹ́.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ẹ́," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Dìde. Di èjìká mi mú."

Mo rò pé ará ilé ẹ̀yìn ni. Mo dì í mú. Mo rìn láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà, kò sì dùn mí. Ẹ tún un gbọ́: kò dùn mí rárá.

Bàbá ò jókòó. Mo fi omi lọ̀ ọ́, ó ní òun ò mu. Bó ṣe ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn, àfi kí ìyàwó mi ti jáde ná. A rìn dé ìdí kànga. A rìn dé géètì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ọ̀pá kan ṣoṣo ni mò ń lò. Ara fu mí díẹ̀, àmọ́ ta ló máa lé ẹni tó ń wò ó sàn?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún yẹn ni ìyàwó mi wọlé, tó ń tiro. Ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ká sòótọ́, inú bí mi. Mo rò pé ó ń sín mi jẹ ni. Ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun. Mo tún wá fura pé bóyá ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, tó ń fi pamọ́ fún mi. Mo yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Kò bó, kò sí ọgbẹ́. Ó kàn wú ní ọrùn ni, ó sì gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, mo rìn dé ojú títì láìmú ọ̀pá kankan. Ìyàwó mi di ògiri mú wọlé nírọ̀lẹ́.

Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá tún dé, mo tún dìde bá a lọ. Ohun tó ń tì mí lójú títí dòní nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sójú kan fún oṣù méjì rí, kó má tíì bú mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí ìyàwó mi tó ń fi eékún wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó padà lọ sùn ní yàrá.

Ní aago méjì, bàbá dé. Lọ́jọ́ yẹn, kò wọlé. Mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ìrora ẹsẹ̀ mi yìí, ibo ló ń lọ?"

"Ìrora kì í parẹ́. Ó máa ń ṣí lọ ni."

"Sọ́dọ̀ ta ni?"

Bàtà ìyàwó mi wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ojú bàbá wà.

"Ẹ dá a padà fún mi."

"Ó ku díẹ̀ kó tán pátápátá. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ dá a padà, bàbá."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ọwọ́ náà tutù ju omi inú àmù lọ. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé ilẹ̀ ni mo wà, tí ẹsẹ̀ ń ro mí bí ọjọ́ tí mo já bọ́. Ìyàwó mi sáré jáde wá gbé mi. Ó sáré o, lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Mo ṣàpèjúwe bàbá náà fún Àlájì onílé wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́.

"Bàbá tó ò ń sọ yẹn," ó ní, "a ti sin ín kí n tó fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀."

Ó wọlé, kò sì jẹ́ kí n tún bá òun sọ ọ́ mọ́.

Dókítà ní egungun mi ti so pọ̀, pé kò yé òun ìdí tí mo ṣì fi ń tiro. Láràárọ̀ ni mò ń dá rìn yí ká àgbàlá, mò ń lóògùn, ìrora náà sì jẹ́ tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àìsàn, bí ara bá ṣàdédé yá yín, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí ẹ jọ ń gbé.

Nítorí láàárọ̀ àná, ìyá àgbà tó wà ní ojúlé kejì, tí kò dìde lórí àga láti ọdún tó kọjá, rìn kọjá níwájú mi láìmú ọ̀pá. Ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, mi ò tíì fojú kàn án láti ìjẹta.