Obìnrin Tó Ń Fi “Ẹ” Bá Ọmọ Ọwọ́ Sọ̀rọ̀

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ọmọbìnrin mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń to ìwé sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ọ́ kedere pé bí kò bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, òun á fi ẹlòmíràn sórí àga rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ààbọ̀. Èmi ìyá àgbà ló yẹ kí n máa tọ́jú rẹ̀, àmọ́ orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú èmi fúnra mi. Ọmọ yẹn kì í sì í rìn, eré ló ń sá. Kí n tó dìde lórí àga, ó ti dé ìta láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá kírẹ́ṣì kiri nìyẹn. Jẹ́lé-ó-sinmi ni èmi ń pè é, n kò sì rí ìdí tí a ó fi pa orúkọ tó dára bẹ́ẹ̀ tì.

Ẹni tó bá kọ́ni pẹ́ bíi tèmi kì í lọ síbi kankan lọ́wọ́ òfo. Mo fa ìlà sínú ìwé, mo kọ ohun tí a ó yẹ̀ wò sí i: ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi mímu, géètì, ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, èdè tí wọ́n ń sọ sí wọn. Máàkì mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ mi wo ìwé náà. “Màmá, ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ lọ ṣe fún wọn ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà, mú báírò dání.”

Ọ̀kan ní àdúgbò Pedro la kọ́kọ́ lọ wò. Ilé alájà méjì ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ jókòó lórí ẹní, wọ́n tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Inú mi dùn. Mẹ́sàn-án níbí, mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Nígbà tí a jáde, mo ní ká má wulẹ̀ wá ibòmíràn mọ́.

Ọmọ mi fà mí lọ́wọ́ sọdá títì. “Màmá, aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyí. Kò sí èyí tó ń ké, kò sí èyí tó ń ṣeré, kò sí èyí tó dìde wá wo ojú wa. Ẹ̀rù ibẹ̀ bà mí.”

“Kíláàsì tó bá dákẹ́ ló ń kẹ́kọ̀ọ́.”

“Ọmọ mi kì í ṣe kíláàsì.”

Ó di ọjọ́ kejì kí a tó dé èkejì, ní Bajulaiye, ilé mẹ́ta sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún gbà-gbà-gbà lẹ́yìn ògiri, ariwo àwọn ọmọ sì borí ti ẹ̀rọ. Obìnrin tó ni ibẹ̀ lóṣòó síwájú ọmọ kan tó ki bàtà bọnu.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ bàtà. Ẹ bá mi gbé e wá. Ẹ ṣé o!”

Mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà, mo ń wá àgbàlagbà tó ń bá sọ̀rọ̀. N kò rí ẹnì kankan. Mo kọ “2” síwájú èdè, mo sì sún mọ́ ọn.

“Ẹ má bínú o. Olùkọ́ ni mí, àtúnṣe ọ̀rọ̀ ni àìsàn wa. ‘Ẹ’ tí ẹ ń lò yẹn, àgbà là ń lò ó fún, tàbí èèyàn púpọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo, ‘o’ ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Tí mo bá ń sọ ‘gbà’ fún wọn, ‘gbà’ náà ni wọ́n á máa sọ fún yín nílé. Ẹ̀yin lẹ ó sì kọ́kọ́ bèèrè irú ilé-ìwé tí ọmọ yín ń lọ.”

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ mi já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó he ife kan nílẹ̀, ó nà án sí mi. “Gbà!”

“Màmá, ẹ tètè gbà á,” ni ọmọ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọ̀gá yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀.”

Kò sí ibi tí ọmọ náà ti lè gbọ́ ọ ju ẹnu èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Obìnrin náà rọra sọ fún un pé, “Ẹ gbà, mà.” Ọmọ wo ẹnu rẹ̀ fínnífínní, ó sì gbé ife náà lọ fún un. Ibẹ̀ ló jókòó sí.

Mo fagi lé “2” náà. N kò gbójú fo ìyókù o: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ há díẹ̀, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì hàn wá lọ́rùn rẹ̀, ó ní òun kì í fa ọmọ lé ẹni tí òun ò mọ̀ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọmọ ni. Ọmọ mi ò dúró kí n ro máàkì pọ̀. Ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi ti jókòó sórí àga rẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀. Nígbà tí ó máa fi di aago mẹ́wàá, mo ti pe obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Màmá, ẹ tún ti pè! Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ṣé kí n fún wọn ní fóònù ni?”

N kò mọ̀ bóyá gbogbo àwọn ọmọ ló ń pè ní “wọ́n” tàbí tiwa nìkan. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n jẹun wọn.