Ààlè Ara Igi Obì

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn létí. Ẹnu mi pàápàá kì í yá láàárín èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó níbì kan, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ṣáà bá mi kà á lọ. N kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, a kó kúrò ní Èkó wá sí Likosi ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ilé iṣẹ́ tí bàbá mi ń wa ọkọ̀ fún ti dá wọn dúró. Bàbá mi fi ìwọ̀nba ohun tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ ra ilẹ̀ kékeré kan tí ilé oníyàrá méjì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní a ò ní ra ẹyin mọ́, a ò ní ra ẹ̀fọ́ mọ́, ẹ̀yìnkùlé wa ni yóò máa bọ́ wa.

Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ oko nínú wa. Ìyá mi gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata, wọ́n gbìn ín há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Bàbá mi fi pákó àti páànù àlòkù kan ilé adìẹ, wọ́n sì ra adìẹ méjìdínlógún sínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé dáadáa, òkúta la fi ń tì í.

Igi obì ńlá kan wà láàárín ẹ̀yìnkùlé náà, ó sì ṣíji bo gbogbo ebè ìyá mi. Àwọn tó ta ilẹ̀ fún wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìyá àgbà tó ń gbé nílé kejì ló ni igi náà, ọkọ wọn tó ti kú ló gbìn ín. Ní Rẹ́mọ níbí, èèyàn lè ra ilẹ̀ kó má ra igi tó wà lórí rẹ̀. Bàbá mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ló ni ohun gbogbo tó bá hù níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá àgbà bá ti wá gbá ìdí igi wọn ni bàbá mi á jáde sí wọn.

"Ẹ kúrò nínú ọgbà mi, mà."

"Ọgbà rẹ kẹ̀? Ilẹ̀ lo rà. Ṣé igi wà nínú ìwé tí wọ́n fún ọ ni?"

"Ẹ má jẹ́ kí n bínú sí yín o."

"Bínú! Kí wọ́n tó bí ẹ ni igi yìí ti ń so. Ará Èkó, tó ń gbin ata bí ẹni ń da iyanrìn!"

Ìyá mi á ti inú ilé dá sí i, wọn á máa bú ara wọn títí oòrùn á fi mú. Nígbà tó yá, a ò kí ara wa mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká obì náà, wọ́n ń fi í gba àlejò. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé tí wọ́n bá rí mi lọ́dọ̀ ìyá náà, wọ́n á nà mí.

A jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti àjákù bàtà tí wọ́n so mọ́ igi obì náà. Ìyá mi figbe ta. Bàbá mi ní oògùn ni, pé ìyá àgbà fẹ́ fi pa wá. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko mọ̀ pé ààlè ni, àmì tí olóko ń so láti fi kìlọ̀ fún olè pé ohun tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Àwa ò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bàbá mi ra àkùkọ kan, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ kejì, mo ń fọ abọ́ níbẹ̀, ìyá àgbà sì pè mí.

"Ọmọdé yìí, wá. Sọ fún bàbá rẹ pé ààlè ni mo so, olè ni mo fi ń lé. Kó yéé ká obì mi. Àti àkùkọ tó rà lọ́jà Ṣàgámù lánàá yẹn, ó ń tòògbé. Kó yà á sọ́tọ̀. Tó bá fi í sáàárín àwọn tó kù, gbogbo wọn ló máa kú." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "N kò fẹ́ràn yín o. Ṣùgbọ́n adìẹ ò ṣẹ̀ mí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo wọlé. Bàbá mi ń jẹun. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí wọ́n fi bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Bàbá mi fi àkùkọ náà sáàárín àwọn adìẹ tó kù, kò sì pẹ́ tí ọrùn wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Orí wọn á yí sẹ́yìn, wọn á máa pòyì lójú kan, wọn á ṣubú. Ìgbẹ́ wọn dà bí omi tí wọ́n fi fọ ewé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ku ẹyọ kan. Bàbá mi wo ọrùn adìẹ tó yí, wọ́n wo àkísà pupa lára igi, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀. Wọ́n lọ sí Ṣàgámù, wọ́n mú agégẹdú kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi.

Bí ìyá àgbà ṣe gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà, wọ́n sáré jáde láì wé gèlè, wọ́n fẹ̀yìn ti igi wọn.

"Gé mi mọ́ ọn!"

"Àjẹ́ ni ẹ́!" Bàbá mi tí kò pe àgbà ní ìwọ rí ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ lo pa adìẹ mi! Kúrò níbẹ̀!"

"Èmi? Èmi tí mo ránṣẹ́ sí ọ pé kí o ya àkùkọ ọjà yẹn sọ́tọ̀? Ọmọ rẹ nìyẹn, bi í!"

Agégẹdú pa ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti pé. Bàbá mi yíjú sí mi.

"Ṣé ó rán ẹ sí mi?"

Mo wo ilẹ̀.

"Rárá, sà."

Ìyá àgbà ò bú mi. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n sì kúrò lára igi náà fúnra wọn, wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Igi náà wó lu ebè ìyá mi, ó fọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá mi dúró síbẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle, kò sì sí adìẹ, kò sí ẹ̀fọ́, kò sí obì.

Ayé ti yí padà láti ìgbà yẹn. Adìẹ tí mò ń sìn báyìí, mo máa ń fún wọn ní oògùn àjẹsára lásìkò, èyí tí mo bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ọ̀tọ̀ ni mo ń so ó mọ́ ná. Èèyàn kì í so ààlè mọ́ ládùúgbò wa, kámẹ́rà ni wọ́n ń gbé sókè. Àwọn àgbà máa ń sọ pé láyé àtijọ́, aládùúgbò fẹ́ràn ara wọn. Èmi ò rí ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé nígbà náà, ẹni tó kórìíra yín ṣì lè pe ọmọ yín kó sọ òótọ́ fún un. Lónìí, ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà láàárín ilé àti ilé ti ga ju orí èèyàn lọ.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí igi náà wó, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo mú agbọ̀n jáde. Mo ṣa gbogbo obì tó ṣì wà nínú èèpo láàárín ẹ̀ka, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn nínú ilé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo padà sídìí igi náà, mo tú àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín àti àjákù bàtà, mo so wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn ilé adìẹ tó ti ṣófo. Mo wá jókòó sábẹ́ wọn, mo ń dúró kí bàbá mi jí, kí n lè jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá àgbà rán mi sí wọn.