Àmín Tí Ìyá Mi Kò Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mò ń bínú lásán. Èkíní, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wá sí Lagos Town, àdúgbò wa ní Accra lórílẹ̀-èdè Ghana, wọ́n ká kọnkéré tó bo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi àti ti àwọn oníṣòwò yòókù ní ìlà wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Èkejì, wọ́n kó ìdọ̀tí náà, wọ́n dà á sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ̀kẹta, wọ́n gbé kọnkéré lọ, wọn ò dá a padà. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn náà gbá ìdọ̀tí padà sínú gọ́tà. Nínú gbogbo wọn, òjò nìkan ló dá nǹkan padà sáyè rẹ̀.

Ọṣẹ àti mílíìkì ni ìyá mi ń tà. Ó fi pákó kan ṣe afárá fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí obìnrin kan já sínú omi dúdú náà pẹ̀lú aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Ìyá mi ní bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kà ní yunifásítì. Mo ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ oníṣòwò Yorùbá àdúgbò wa pé nínú ìjọba tiwantiwa, ẹgbẹ́ kò ní láti du ipò kó tó lágbára, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fúngun mọ́ ẹni tó wà nípò. Alhaji tó jẹ́ alága wa tilẹ̀ lu tábìlì. A bá kó ara wa, tọkùnrin tobìnrin, ìyá mi náà láàárín wa, lọ sí Kokomlemle, sí ọ́fíìsì aṣojú àdúgbò wa, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọnọrébù.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ mi ti dà mí. Alhaji kí Ọnọrébù, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ, ó kí i kú oòrùn, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ níta. Ó wá ní kò yẹ ọmọlúàbí kó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kó máa rojọ́ láì kọ́kọ́ gbàdúrà fún un. Mo fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Ọdún ìbò ni o. Ọnọrébù kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wá dunjú. Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kí Alhaji tó la ẹnu. Alhaji ní kí Ọlọ́run dá a padà sípò. A ṣe àmín. Ó ní ọ̀tá kò ní dí i lọ́nà. Àmín. Èmi tí mo wá fẹ̀sùn kàn án, ẹnu mi ṣe àmín láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà fún jà?

Ìyá mi nìkan ni kò ṣe é. Ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo fáànù. Alhaji gbé ohùn sókè, bóyá kò gbọ́ ni. Kò ṣe é.

Ọnọrébù rí i. Ó fi Twi, èdè ìlú ibẹ̀, bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé kò sí o.

“Àdúrà náà dùn ún gbọ́,” ni ìyá mi fi Twi dá a lóhùn. “Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti máa ń ṣe àmín, mi ò sì rí ọ̀nà débẹ̀. Gọ́tà wà láàárín.”

Ìyá aláṣọ tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín, òun náà ká apá. Nígbà tí Alhaji fi máa bẹ̀bẹ̀ kí ìbò yìí rọrùn, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ti dákẹ́. Ohùn àwa ọkùnrin ló kù, ó sì rí tín-ín-rín. Ọnọrébù wo àwọn tó dákẹ́ yíká, ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

“Màmá, wọ́n á wá lọ́sẹ̀ yìí,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kó parí àdúrà.”

“Kó dúró síbi tó dé,” ni ìyá mi wí. “Tí wọ́n bá bo gọ́tà tán, á wá parí rẹ̀.”

Alhaji, tí wọ́n gba àdúrà mọ́ lẹ́nu, kẹ̀yìn sí gbogbo wa nínú tròtrò, bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sílé.

Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n to kọnkéré tuntun, Ọnọrébù sì mú ẹni tó ń ya fọ́tò dání. Ẹ̀sùn mi tó kù nìyí: iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn obìnrin tó dákẹ́ nìkan ni wọ́n bò. Ti Alhaji, tó gbàdúrà ju gbogbo wa lọ, ṣì là sílẹ̀ gbayawu. Mo ní kó jẹ́ ká tún lọ fúngun mọ́ wọn. Ó ní kì í ṣe èmi lòun ń wá, ìyá mi lòun fẹ́ mú lọ. Ìyá mi ní kó má bínú, ọjà ń tà lọ́wọ́ òun, òun ò ráyè.