Bàbá Ẹ-Sún-Sẹ́yìn, Ará Ìlódè

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní gbàgede Ẹnuwá ni gbogbo èèyàn fi mọ Bàbá Lágúnjú. Ọkùnrin kan ṣẹ ìjòyè kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ fún un ní gbangba, níwájú ààfin, kí ó lè rí àforíjì gbà. Ó na gbalaja, ó dojú bolẹ̀, àyà rẹ̀ kan eruku. Ìjòyè gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní kó dìde, kò ní kó má dìde. Àwọn èèyàn yí wọn ká, wọ́n ń wòran. Ibẹ̀ ni Bàbá Lágúnjú yọ sí, tí Ìkẹ́olúwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé báàgì ìtọ́jú tẹ̀ lé e. Ohun tí Bàbá rí kò ju pé èèyàn kan wà nílẹ̀, kò mira, àgbààgbà sì pé lé e lórí láìṣe nǹkan kan.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ni Bàbá ké. "Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kàn án."

Kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan sọ, ó ti gbá ọkùnrin náà léjìká mú, ó ti yí i dà sí ẹ̀gbẹ́, ó ti ká orúnkún rẹ̀ kan sókè, ó sì ń ya ẹnu rẹ̀ wò bóyá nǹkan há a lọ́fun.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀," ni ọkùnrin náà wí.

"Má sọ̀rọ̀. Fi agbára rẹ pamọ́."

"Àforíjì ni mo wá tọrọ, sà."

"Mo gbọ́. Ọlọ́run á dárí jì ọ́. Ṣé o ń mí dáadáa?"

Ẹ̀rín pa ìjòyè títí ó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní òun ti dárí jì í. Ọkùnrin náà dìde, ó ń dúpẹ́. Bàbá rò pé òun ni ó ń dúpẹ́ fún, ó ní kó lọ sinmi, kó má sì ru ẹrù títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, ó máa ń ka ọkùnrin yẹn mọ́ àwọn tí òun gbà lọ́wọ́ ikú.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ilẹ̀ ni Ìkẹ́olúwa ń wò. Ọmọ tó jẹ́ pé bí ó bá mọ ìdáhùn ní kíláàsì, yóò dákẹ́ kí ojú má baà yí sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni Ọlọ́run fún ní irú bàbá àgbà yìí. Etí rẹ̀ gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Awakọ̀ ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan wá sí gáréèjì ní Ẹdúnàbọ̀n láti kọ́ àwọn awakọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa kó tó dé ilé ìwòsàn. Àwọn yòókù jẹ bisikíìtì tí wọ́n pín, wọ́n sì sùn. Bàbá nìkan ni kò sùn. Wọ́n fún un ní sabúkéètì, ó fi férémù sí i, ó sì yọ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri kó lè rí àyè gbé e kọ́. Àwọn aládùúgbò ní Ọlọ́run ló ṣàánú rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí kó tó dán irú rẹ̀ wò.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ kọ ní Ìlódè kó lọ láìgba báńdéèjì. Ẹni bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú tó sì gbé orí sókè, Bàbá á tẹ orí náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ ni? Tẹ̀ síwájú, fún ihò imú pọ̀, fi ẹnu mí." Ẹni náà kò ní lè dáhùn, nítorí Bàbá ló fún imú rẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn: ó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí epo gbígbóná dà sí apá Mùnírátù tó ń din àkàrà lójúde wọn, ẹnìkan gbé ẹyin tútù wá, ẹlòmíì gbé ògì, ìkẹta ti ń tú ìdérí kẹrosíìnì. Bàbá ké lé wọn lórí pé kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n máa da omi tútù sí apá náà, kí wọ́n má dáwọ́ dúró.

"Bàbá, ẹyin ni ìyá mi máa ń fi sí i," ni Mùnírátù ń sunkún.

"Din ẹyin yẹn fún mi kí n jẹ ẹ́. Omi ni apá rẹ ń fẹ́."

Gbogbo omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ilé tán sórí apá yẹn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó jinná, kò ní àpá kan tó ju ibi tí kòkòrò jẹ lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Bàbá sọ apá Mùnírátù di tirẹ̀. Bí àlejò bá ti dé, á ní, "Mùnírátù, gbé apá mi wá."

Ó gbé apá náà dé ilé-ìwé Ìkẹ́olúwa pàápàá. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é. Ó kàn bá wọn níbi tí wọ́n tò sí láàárọ̀, ó kí ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mùnírátù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè. Nígbà tí Bàbá parí ọ̀rọ̀ iná, ó ní òun ń fẹ́ aláìsàn kan, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà síbi tí Ìkẹ́olúwa fara pamọ́ sí.

Ó di orí rẹ̀, ó di apá rẹ̀ kọ́rùn, ó fi igi méjì di ẹsẹ̀ rẹ̀. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, na ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ṣé ó máa yè?"

Bàbá wo Ìkẹ́olúwa láti òkè délẹ̀. "Bí ẹ bá sún sẹ́yìn."

Lọ́sàn-án yẹn, Ìkẹ́olúwa bá a lójúde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tó gbójú sókè sí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sí ilé-ìwé wa mọ́."

"Ṣé báńdéèjì le jù ni?"

"Rárá, sà. Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń ti èmi náà," ni Bàbá wí. "O rò pé ó wù mí kí n máa ké lé àgbà lórí? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, òkú ni màá bá." Kò wá sí ilé-ìwé mọ́. Ó kàn máa ń dúró lódìkejì ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń jáde, á sì díbọ́n bí ẹni tó ń wá kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Gbogbo kíláàsì mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójúde. Òun àti Ọdẹ́wálé aránṣọ ń jiyàn lọ́wọ́. Ọdẹ́wálé rò pé inú ló bí i. Ìgbà tí Ìkẹ́olúwa yọjú, ẹnu Bàbá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ látorí àga, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò sì dún bí ọ̀rọ̀.

Àdúgbò tú jáde. Ẹnìkan ní ayé ló ta á lọ́fà. Ẹnìkan ní kí wọ́n da omi sí i lórí. Ọdẹ́wálé sáré gbé àgbo rẹ̀ wá nínú ife, ó mú ṣíbí, ó ń wá bí yóò ṣe la eyín Bàbá.

Ìkẹ́olúwa mọ̀ pé kò yẹ kí ohunkóhun wọ ẹnu yẹn. Ó mọ̀ pé ó lè gba ọ̀nà èémí pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló lè bí i lọ́mọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní nǹkan mu," ló wí. Àfi bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣíbí kan eyín Bàbá. Ìkẹ́olúwa gbọ́ ọ bó ṣe dún.

Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó sì fi gbogbo ọ̀fun pariwo. "Ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ má fi nǹkan sí wọn lẹ́nu. Ẹ pe Màrúwá."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Wọn kò tíì rí ẹni tó kúnlẹ̀ tó sì ń ké mọ́ni rí.

"Ta lò ń bá wí báyìí?" ni Ọdẹ́wálé bi í.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ máà bínú, sà. Ẹ gbé ṣíbí yẹn kúrò."

Ó gbé e kúrò. Mùnírátù bá a yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n dẹ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, Màrúwá sì dé.

Àwọn dókítà ní wọ́n tètè gbé e wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà já gaara, Ìkẹ́olúwa ni ó pè.

"Ọdẹ́wálé ní o kúnlẹ̀ kí o tó pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló kọ́ ọ? Kò sí kíkúnlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́." Ó sinmi kó lè mí. "Ìyókù, o yege."

Ó lo ìgbà òjò kan sí i láyé, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe àríwísí bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń di báńdéèjì. Nígbà tó kú, ó kú lórí ibùsùn rẹ̀, lójú oorun, kò sì sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn jókòó lójúde, wọ́n ń pa ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n pa ìtàn náà títí ó fi kan Ìkẹ́olúwa. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè," ni àgbàlagbà kan ké láti ẹ̀yìn. "A ò gbọ́."

Ojú tì í. Ó gbé orí sókè, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.